Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Ayọ̀ Nínú Igbó Amásónì

Nígbà tí mo ń kàwé ní Berlin, àdúgbò Marzahn ni mò ń gbé. Ìyá arúgbó kan, ọmọ Jámánì, ló ń gbé ní ilé tó kọjú sí tèmi. Mama ni mo máa ń pè é. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé lo ọ̀pọ̀ ọdún létí odò kan nínú igbó Amásónì, ní Brazil, wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè àwọn ará ibẹ̀. Iṣẹ́ náà kò tíì parí nígbà tí ara Mama ò gbé igbó mọ́, tó sì padà sí Jámánì.

Nígbà òtútù kan, bàbá kan láti abúlé tí wọ́n gbé létí odò náà wá bá a kí wọ́n jọ parí Ìhìnrere Lúùkù. Bàbá yìí kì í ṣí fìlà onírun lórí, kódà nínú ilé. Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n pè mí wá jẹun. Wọ́n ti dé ibi ìtàn ọmọ tó padà sílé bàbá rẹ̀, bàbá onífìlà náà sì fẹ́ gbọ́ ọ ní Yorùbá, èdè tiwa. Mo lọ mú Bíbélì tí ìyá mi dì sínú ẹrù mi, mo kà á sókè. Bí ìyá mi ṣe máa ń kà á fún wa ní àdúrà àárọ̀ ni mo ṣe kà á, láìmọ̀.

Bàbá náà béèrè nǹkan, Mama sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ pé bàbá ọmọ yẹn yọ̀?"

"Inú rẹ̀ dùn," ni mo wí, mo fọwọ́ kan ikùn mi.

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lé ikùn tirẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Ó ní ibẹ̀ náà ni tiwọn wà," Mama wí. "Ó pẹ́ kí n tó lè gbé e kúrò ní ọkàn lọ sí ikùn. Herz, ọkàn, ni gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ àwa ọmọ Jámánì."

Nígbà tí òtútù lọ, bàbá náà padà sílé. Èmi rí iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook ní ìlú Hamburg, mo kó lọ, mo sì bímọ síbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Mama pè mí pé ìwé Lúùkù náà ti jáde. Ó fi ohùn bàbá náà tó ń kà á ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gbọ́ ọ tán nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mo pe Mama padà láti kí i kú iṣẹ́.

"Ó dùn mọ́ mi," ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò rẹ́ni bá sọ èdè náà mọ́. Nínú kíṣíìnì ni mo ti ń sọ ọ́, èmi nìkan."

Mo ní ó yé mi. Tí mo bá fi Yorùbá kí àwọn ọmọ mi, Jámánì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

"Ẹ máa sọ èdè náà fún mi, Mama."

Ó bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó, mò ń gbọ́ ọ.