Ìdọ̀bálẹ̀ Akínpẹ̀lú ní Nàmíbíà

Lọ́dún 1989, wọ́n rán Kọ́pùrà Akínpẹ̀lú, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ ṣọ́ àlàáfíà ní Nàmíbíà. Láràárọ̀ ni bàbá arúgbó kan ń da ewúrẹ́ kọjá lẹ́nu ibodè tí Akínpẹ̀lú ń ṣọ́, tí sójà òyìnbó kékeré kan, lára àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, á máa pe orúkọ mọ́ ọn lórí bí ẹní pe ajá.

Inú bí Akínpẹ̀lú. "Ṣé o ò rí ewú orí wọn ni?"

"Àbí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ni?"

Bí bàbá ṣe dé lọ́jọ́ kejì, Akínpẹ̀lú dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun tìbọn: "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá!"

Ni bàbá náà bá ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ borí, ó rò pé ìbọn ti ń dún. Òyìnbó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń rín?" Akínpẹ̀lú jágbe mọ́ ọn, ó ń gbọn eruku lára bàbá. "Kí lẹ fojú wọn rí nílẹ̀ baba wọn, tí ìkíni ọmọlúàbí fi ń jọ ogun lójú wọn?"