Orúkọ Tí Mo Fò

Ọjọ́ tí ilé ìwé wa fẹ́ yan sọ́fítíwíà tí yóò máa tọ́jú àwọn rẹ́jísítà àtijọ́, ara mi ò balẹ̀ láti ilé. Èmi ni mo ń bójú tó yàrá ìwé àtijọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀nà Igbosere ní Èkó. Méjì ló kù nínú àwọn tí a yẹ̀ wò. Ọ̀kan dùn ún wò, ó sì yára. Èkejì ò rẹwà, ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fi fọ́tò ojú ìwé gan-an hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a bá tẹ̀ sí i. Èyí tó rẹwà ni ọ̀gá àgbà fẹ́. Ó ní tí orúkọ bá ti wọ inú rẹ̀ tán, kí a kó àwọn rẹ́jísítà dà nù.

Ó ti mú báírò dání láti buwọ́ lùwé nígbà tí màmá àgbàlagbà kan wọlé láti àdúgbò Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀ wà ní kóòtù. Àwọn kan nínú ẹbí ní kì í ṣe ọmọ bàbá náà, lọ́yà rẹ̀ sì ní àfi kó mú ẹ̀rí wá lọ́la. Ilé ìwé wa ló lọ ní kékeré, bàbá rẹ̀ ló mú un wá.

Rẹ́jísítà ìgbà tirẹ̀ gan-an ni mo ti tẹ̀ sínú èyí tó rẹwà láti fi dán an wò. Wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀, kò sí. Wọ́n yí sípẹ́lì padà, kò sí. Arákùnrin tó ń ta sọ́fítíwíà náà, tó so táì mọ́rùn nínú ooru Èkó, ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Ọ̀gá rọra ní bóyá ilé ìwé mìíràn ni màmá lọ. Màmá ò sunkún. Ó kàn ń tú etí ìborùn rẹ̀, ó tún ń ká a.

Ìgbà náà ni mo rántí. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ Ìmàle bíi màmá tó bá wọ ilé ìwé ìjọ bíi tiwa, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń fún un lórúkọ òyìnbó. Akọ̀wé á kọ ìyẹn sórí ìlà, á wá fi tádàwá pupa kọ orúkọ ilé sí etí ìwé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà yẹn ò ní àyè fún etí ìwé, mo sì fo gbogbo orúkọ pupa. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi lá a.

Mo lè dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ojú ń tì mí, inú ara mi sì ń bí mi. Mo dìde, mo gbé rẹ́jísítà náà wá, mo sì ṣí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òyìnbó kan, orúkọ màmá wà níbẹ̀ ní pupa, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀.

Màmá fi ìka lé e, kò gbé e kúrò. Ọ̀gá fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà ojú ìwé náà fún kóòtù, ó wá bi mí èwo ni ká mú. Mo ní èyí tó ń falẹ̀, kí àwọn rẹ́jísítà sì dúró síbi tí wọ́n wà.

Màmá kọjú sí kọ̀ǹpútà. "Ta ló yọ mí kúrò nínú èyí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú."

Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Dá mi padà síbẹ̀. Orúkọ méjèèjì ni kó o kọ. Èyí tí bàbá mi sọ mí ni kó ṣíwájú."