Mo Ti Yó, Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo

Lọ́dọ̀ wa ní Tchaourou, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ pé òun ti yó kò tíì sọ nǹkan kan. Ìwà ọmọlúwàbí lásán ló ń hù. Onílé á ní, "Èwo ni yíyó? Ẹ jẹun jàre," àlejò á sì tún bu òkèlè. Bó bá wí i títí tó sú u, wọ́n á wá gbé abọ́ kúrò. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé gbólóhùn kékeré yìí lè kó ìpayà bá wa.

Àbúrò mi obìnrin ń ta iṣu lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Ó sanra púpọ̀, ìyìn nìyẹn sì jẹ́ lẹ́nu wa. Bó bá fẹ́ gun alùpùpù akérò, ẹni tó ń wà á á bojú wẹ̀yìn: "Tàtá, ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi àti gbogbo iṣu tí mo ti jẹ. Gbéra!"

Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀. Egbò kan jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dókítà fi gé e. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò mọ iṣu tó ti jẹrà mọ́ àfi bó bá gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú yìí ló ba ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Faransé lẹ́rù tó fi wá mú un lọ. Lórí tẹlifóònù, àbúrò mi kò sọ fún wa ju pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ kan fún òun nítorí ṣúgà náà.

Ìgbà ìpolongo ìbò ìlú ni àbúrò mi padà dé. Àwọn ọ̀dọ́ wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ òṣèlú, ariwo alùpùpù wọn gba gbogbo títì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo dìde, mo kí i bí a ti í kí àlejò: "Ẹ káàbọ̀, màdáámù. Ta lẹ ń wá?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbàgbé mi?"

Ẹ̀rín yẹn ni mo mọ̀. Ìyá wa jáde, ó di apá rẹ̀ kan mú, ó tún di èkejì mú, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù.

"Ta ló jẹ ọmọ mi báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ mí, Ìyá. Ara mi le."

"Ara tó le ọ̀hún, ibo ló wà?"

Ìyá kò dúró gbọ́ àlàyé. Ìdí odó ló gbà lọ. Àgbà ti dé sí i, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọmọ odó lọ́wọ́ òun. Ó gbé iyán iṣu tuntun kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tó kún fún wàrà àwọn Fúlàní.

Àbúrò mi bu òkèlè tí kò ju ẹ̀pà lọ, ó sì ń rún un lẹ́nu. Gbogbo wa wò ó. Ta ní í rún iyán? Kò pẹ́, ó fọwọ́.

"Mo ti yó, Ìyá."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "O ti wá di àlejò nílé wa? Jẹun."

"Ìyá, mo ti yó."

"Mo gbọ́. Àbí iyán mi kò dùn mọ́?"

Àbúrò mi wo òógùn tó wà níwájú orí Ìyá, ó sì tún bu òkèlè, èyí tó tóbi díẹ̀.

Lójijì ó fọwọ́ di àyà mú. Òógùn bò ó, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì, kò lè sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ń kú lọ ni. Ó fi orí ti ògiri, ó bì, ó tún bì. Ìyá dúró gbagidi bí òpó, ó ń wí jẹ́jẹ́ pé, "Mo ti pa á. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gún iyán náà."

Nígbà tí èémí àbúrò mi balẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó ṣàlàyé. Wọ́n ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpò tí oúnjẹ ń wọ̀ nínú ikùn rẹ̀. Èyí tó kù kò fẹ̀ ju apá ẹ̀wù ọmọdé lọ. Látìgbà náà ṣúgà ti lọ sílẹ̀, dókítà ti dá abẹ́rẹ́ dúró, ojú rẹ̀ kò sì ṣú sí i mọ́.

Obìnrin aládùúgbò wa tó sáré wọlé kígbe: "Yéè! Wọ́n gé inú rẹ̀?"

"Ikùn ni, kì í ṣe inú," ni mo wí. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́, n kì í lè fi í sílẹ̀. "Inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nígbà tó dé ni?"

Ìyá kò tíì mú ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀. "Èyí tí wọ́n gé yẹn, ibo ni wọ́n sin ín sí?"

"N kò bèèrè, Ìyá."

"O kò bèèrè!"

Mo rí i pé èyí bà á lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìwọ́ gbogbo wa wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Ọmọ ìka tí dókítà gé pàápàá, Ìyá lọ gbà á, ó sì sin ín síbẹ̀.

Mo bèèrè bóyá àrùn náà ti wá lọ.

"Ó sùn ni, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní bí mo bá padà sí jíjẹ ti tẹ́lẹ̀, ó lè jí. Bó bá sì jí, ojú mi ló máa mú."

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá tún gúnyán. Abọ́ tí a máa ń bu iyọ̀ sí ló fi gbé ti àbúrò mi wá. Aládùúgbò wa náà jókòó tì wá. Àbúrò mi rún tirẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fọwọ́.

"Mo ti yó, Ìyá."

Ẹnu Ìyá là. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ó pa ẹnu náà dé. Ó fa abọ́ náà sọ́dọ̀.

"Háà, Ìyá," ni aládùúgbò wa wí, "ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mà sọ ọ́!"

"Mo gbọ́," ni Ìyá wí. "Etí mi kò di."