Ojú Kejì Lẹ́yìn Kámẹ́rà

Kí n tó pàdé Àǹtí lójúkojú ni mo ti mọ̀ wọ́n nínú fíìmù. Nílé wa ní Uselu, ní Benin, màmá mi kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n tí Àǹtí bá ti yọjú. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n máa ń fi wọ́n ṣe nígbà yẹn: wọ́n á gbé omi wá, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á jáde. Àǹtí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbígbé omi yẹn ló sú àwọn tí àwọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré, kí àwọn náà lè rí nǹkan gidi sọ. Nígbà tí kò wá sẹ́ni tó fẹ́ darí ohun tí wọ́n kọ, wọ́n ní, "Ṣé kí n wá jókòó tì í ni?" Bí wọ́n ṣe di olùdarí nìyẹn.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló mú mi lọ bá wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú sì ń dẹ́rù bà mí débi pé tí fóònù mi bá dún, àyà mi á ti já kí n tó wo ẹni tó ń pè. Àǹtí ní kí n bá àwọn ṣe fíìmù kan ná. Tó bá parí, àwọn á mọ̀ bóyá àwọn á gbà mí síṣẹ́. Mo dúpẹ́ títí, mo dúpẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀ jàre.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi rọrùn láti ṣàlàyé. Ẹni tó ń ṣeré kò lè rí ara rẹ̀. Tí Àǹtí bá wà níwájú kámẹ́rà, èmi ni mo máa wo tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń gbé àwòrán náà jáde.

"Ìwọ ni ojú mi níbẹ̀," wọ́n wí. "Tí mo bá ń parọ́, sọ ọ́. Má wulẹ̀ pọ́n mi lé. Irọ́ ni kó o pè é."

Ọmọ tí Yorùbá bá tọ́ á mọ ìdí tí ara fi bù mí máṣọ. Lóòótọ́, Benin ni mo dàgbà sí, Píjìn ni mo sì fi ń dá àwọn òbí mi lóhùn, ṣùgbọ́n bàbá mi ò fi èyí ṣeré: a kì í sọ fún àgbà pé ó parọ́. Bí irọ́ náà bá tiẹ̀ hàn gbangba, "Bóyá ẹ gbàgbé ni, sà" lo máa sọ. Nítorí náà, tí Àǹtí bá ti bojú wò mí, "Ó dáa, mà" ni mò ń wí. Ó sì máa ń dáa lóòótọ́. Ìyẹn ló ń yọ mí.

Àfi ọjọ́ tá a lọ sí Upper Sakponba. Àgbàlá ilé kan la wà, onílé sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá ìrọ̀lẹ́, torí ilẹ̀ tó bá mọ́ ni wọ́n máa wó ògiri rẹ̀ láti tún un kọ́. Ohun tá ò bá rí yà lọ́jọ́ náà, ó lọ nìyẹn. Ìran tá a fẹ́ yà níbẹ̀ sì ni gbogbo eré náà ń lọ bá: ìyá kan jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà tí a rà ní ọjà Santana, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti ń wá tipẹ́ sì wọlé wẹ́rẹ́.

Àǹtí gbójú sókè, wọ́n rí ọmọ, wọ́n bú sẹ́kún, ẹ̀wà dànù. Ayàwòrán wa, ọmọ Edo tí kò gbọ́ Yorùbá, pàtẹ́wọ́: "Madam, e sweet me die!" Ọmọbìnrin tó ń ṣe ọmọ wọn ń nu ojú.

Àǹtí yíjú sí mi. "Báwo ló ṣe rí?"

Mo fẹ́ sọ pé ó dáa, bí mo ṣe máa ń sọ. Kì í ṣe ẹ̀rù kan ṣoṣo ló bà mí. Ẹ̀rù iṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rù àgbà wà níbẹ̀, ẹ̀rù pé bóyá èmi gan-an ni mi ò mọ nǹkan kan tún wà níbẹ̀, òun ló sì burú jù. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Irọ́ ni, mà."

"Háà!" Obìnrin tó ń kùn wọ́n lójú ló pariwo. "Ìwọ ọmọ yìí! Ta lò ń bá wí? Ó ń kúnlẹ̀, ó ń búni! Ọmọ Benin ti bà jẹ́ tán o!"

"Wetin she talk?" ayàwòrán bèèrè.

Àǹtí ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Kí ló jẹ́ irọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ ti tètè sunkún jù, mà."

Mo wá sọ ti màmá mi fún wọn. Ìlú tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ jìnnà, àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà, fóònù mi sì kú nígbà tí mò ń bọ̀. Nílé, wọ́n ti gbà pé ó ti tán. Ẹ̀wà ni màmá mi ń ṣà nígbà tí mo wọlé. "Wọn ò sunkún, mà. Wọ́n kàn ní, 'Ṣé o ti jẹun?' Wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n òkúta ni wọ́n ń jù sínú abọ́, ẹ̀wà ni wọ́n ń dà nù."

Àǹtí dìde, wọ́n lọ mu omi. Mo ní ó parí fún mi. Wọ́n padà wá, wọ́n jókòó.

"Ẹ bá mi ṣa ẹ̀wà yẹn jọ kíá. Kí lo wá dá màmá rẹ lóhùn?"

"Píjìn ni, mà. Mo ní, 'Mummy, I never chop.'"

Obìnrin tó bú mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àǹtí na bírò sí mi: "Kọ ọ́ síwèé eré. Ohun tí ọmọ yẹn máa sọ nìyẹn."

Mo kọ ọ́. Onílé ti dúró sẹ́nu géètì nígbà tá a tún un yà. Lọ́tẹ̀ yìí, ayàwòrán ò pàtẹ́wọ́. Ó gbàgbé láti pa kámẹ́rà. Bá a ṣe ń kó ẹrù sọ́kọ̀, Àǹtí ní kí n wá sílé àwọn ní Mọ́ńdè, iṣẹ́ wà.

Mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ látìgbà náà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ Àǹtí nínú, wọ́n á lọ mu omi, wọ́n á sì padà wá tún un ṣe. Èmi á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n kékeré, màá máa dúpẹ́ nínú ọkàn mi, títí wọ́n á fi mu omi náà tán.