Òwú Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Òsì Wé

Ọjọ́ tí mo ba ọ̀pá ìpẹja oníbàárà jẹ́, orin ni mò ń kọ lábẹ́lẹ̀, torí mo rò pé mò ń tún un ṣe ni.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Glenn Dale, lókè òkun, lọ́dọ̀ òyìnbó arúgbó kan tó ń tún ọ̀pá ìpẹja àtijọ́ ṣe, àwọn tí wọ́n fi ọparun tí wọ́n là tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ ṣe. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Títí dòní, kò yé e ohun tí ọmọ Ìbàdàn tó kàwé ń wá nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò yé èmi náà.

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀pá yìí ni kò ní orúkọ. Ìdè irin tó so apá méjì pọ̀, àti òwú tí wọ́n fi wé ẹsẹ̀ òrùka tí okùn ń gbà kọjá, la fi ń mọ ẹni tó ṣe wọ́n. Ọ̀gá á wo òwú, á ní, "Ti Lágbájá nìyí." Èmi á wò ó títí, òwú ni mo máa rí.

Bàbá aláwọ̀ dúdú kan láti Capitol Heights gbé ọ̀pá kan wá. Ó ní ká bá òun mọ ẹni tó ṣe é, ká sì pààrọ̀ òrùka kan tó já. Bàbá ni mò ń pè é. Ẹnu mi ò gbà á kí n máa pe àgbà lórúkọ.

Ọ̀gá rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta. Mo jókòó ti ọ̀pá, orí mi dàrú. Ìdè irin rẹ̀ jọ ti ilé iṣẹ́ ńlá kan, àmọ́ òwú rẹ̀ yí sódì látòkè délẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọwọ́ òsì wé e. Ọwọ́ òsì kẹ̀? Wọ́n ti nà mí nílé rí torí mo fi ọwọ́ òsì gba ẹran lọ́wọ́ àgbà. Mo ní ọmọṣẹ́ kan ló ṣe kátikàti. Mo mú abẹ, mo tú òwú òrùka méje, mo fi ọwọ́ ọ̀tún wé tuntun. Ó ku ọ̀kan nígbà tí Ọ̀gá dé, tí Bàbá náà sì wọlé tẹ̀ lé e.

"Ta ló ní kí o tú u?" Ọ̀gá béèrè.

"Wọ́n wé e sódì ni, sà."

Bàbá gba ọ̀pá, ó wò ó títí. "Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀pá yìí ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí dúdú kọ orúkọ sára ọ̀pá. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Mi ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀, torí mo fẹ́ kí ẹlòmíràn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láìjẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èérún ọparun.

"Kí ló ń wá nílẹ̀?" Bàbá bi Ọ̀gá.

"Bóyá abẹ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀gá mú awò, ó tẹjú mọ́ òrùka tó kù. Ó ní, "Ọlọ́wọ́ òsì ló wé eléyìí, kò sí àníàní." Bàbá wá àga, ó jókòó.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún méje náà wé sí apá òsì.

"Ó tì o," Bàbá dáhùn. "Irọ́ la ó máa wò nígbà náà. Ọ̀kan ti bàbá mi, méje tìẹ."

"Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣe ọ̀pá yìí lọ́jọ́ iwájú, orí rẹ̀ á dàrú," ni Ọ̀gá wí. Ó na pẹ́ẹ̀nì sí mi.

Bàbá pe orúkọ bàbá rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú àtijọ́ yẹn, mo fi fáníìṣì bò ó. Mo ní kó padà wá gbé e lọ́la. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó sì ń wò ó bó ṣe ń gbẹ.