Ìbọn Tí Ọ̀rẹ́ Yá Ọ̀rẹ́

Òórùn epo tí bàbá mi fi ń nu ìbọn máa ń gba gbogbo yàrá wa ní Pedro, l'Ékòó, ní ọjọ́ Sátidé. Kápẹ́ńtà ni wọ́n, àmọ́ ọwọ́ wọn ni ẹgbẹ́ lándíládì kó ìbọn ṣakabùlà àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò sí. Òfin wọn ò pọ̀: ìbọn ò gbọdọ̀ kúrò ládùúgbò láìjẹ́ pé wọ́n mọ ẹni tó fẹ́ lò ó. Bí àdúgbò kejì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa bá wá yá a, bàbá mi á da ìbéèrè bo oníṣẹ́ wọn títí á fi fajú ro. Ojú máa ń tì mí. Mo rò pé ahun ni wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, níbi ìpàdé, alága wa gbé ọ̀rọ̀ rédíò dé. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá tó ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ ti dẹ òfin títa ohun ìjà síra wọn.

"Baba, òyìnbó gan-an ti rí i pé wàhálà bíbi ọ̀rẹ́ ní ìbéèrè ti pọ̀ jù," ni alága wí. "Àwa wá ń fi àgádágodo ti ìbọn mọ́ ọ̀rẹ́ wa. Èèyàn laṣọ o."

Bàbá mi ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ọlọ́gbọ́n náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí gbogbo ìpàdé dá wọn lẹ́bi, bàbá mi gbà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti wá láti àdúgbò kejì kàn ń gbé ìbọn lọ ni. Ìyàwó alága wọn fi ẹja yíyan Ìlàjẹ ránṣẹ́ sí wa. A jẹ ẹ́, a tún pọ́n ọwọ́ lá.

Àṣé àwọn ọ̀rẹ́ wa náà ní ọ̀rẹ́. Wọ́n yá àdúgbò kẹta ní ìbọn wa, àdúgbò kẹta yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn yẹn ń jà, ọta ìbọn ba ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ó kú kí a tó gbé e dé ọsibítù. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gbé ìbọn náà jáde, bàbá mi dá a mọ̀, nítorí àwọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn pààrọ̀ igi ìdí rẹ̀.

Alága méjèèjì jọ wá kí wa, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba," ni alága àdúgbò kejì wí. "Ọ̀rẹ́ wa la yá. A ò mọ̀ pé wọ́n máa gbé e fún ẹlòmíì."

Bàbá mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Mo ti dẹni tó bímọ báyìí, inú ṣì ń bí mi. Àdúgbò méjèèjì ṣì ń ṣọ̀rẹ́ wọn lọ ní tiwọn. Mo ti wá ẹni tí mo lè pè ní ọ̀tá nínú ọ̀rọ̀ náà títí, n ò rí. Láti ọwọ́ bàbá mi dé ọwọ́ ẹni tó yìn ín, ọ̀rẹ́ ló ń gbé e fún ọ̀rẹ́.