Àwọn Tó Ń Pọn Omi Iléèwé Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ yìí, torí mi ò tíì lè jókòó sójú kan.

Tíṣà ni mí n'Ígàndó, ẹ̀kọ́ nípa àyíká ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1. Ìdíje kan ń bọ̀, ọmọ méjì péré la máa mú lọ. Igbákejì ọ̀gá wa ní kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọkùnrin. Wọ́n ní orí obìnrin ò gba sáyẹ́ǹsì, ṣebí èmi náà rí i pé wọn kì í nawọ́ ní kíláàsì.

Inú bí mi, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Wọn kì í nawọ́ lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́ ni mo fẹ́ kó lọ. Ọmọ yẹn mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ní kó dìde, ilẹ̀ ló máa ń wò. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ nínú yàrá tíṣà, àwọn kan bi mí ṣé inú ń run mí ni.

Níléèwé wa, ọkùnrin ló ń gé koríko, obìnrin ló ń pọn omi kànga. Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn òjò, pẹ̀lú ìbínú yẹn náà ṣá, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin fajú ro.

Kò pẹ́, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sáré wá bá mi. Wọ́n ní omi ń rùn, nǹkan bí epo ń dán lójú ẹ̀. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mọ́rẹ́nikẹ́ wò mí lójú. Ó ní gbogbo ìgbà tójò bá ti rọ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, pé ìdọ̀tí ààtàn ńlá tó wà lókè iléèwé wa ló ń bá omi òjò jò wọlẹ̀ dé inú kànga, pé kì í rùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ sójú pátákó gan-an nìyẹn o! Àwọn ọkùnrin ti há a sórí, wọn ò gbóòórùn ẹ̀ rí. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ ní kíláàsì. Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ni mò ń bèèrè.

"Àti pé ma, a ti sọ fún igbákejì ọ̀gá rí. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni wá, pé a ò fẹ́ pọn omi."

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo mú Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ bá wọn, mo ní kó fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé, kò sì wolẹ̀ rárá. Igbákejì ọ̀gá wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo bútà àlùwàlá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, omi kànga yẹn ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n rọra bi í pé láti ìgbà wo.

Mọ́rẹ́nikẹ́ àti ọkùnrin kan ló ń lọ síbi ìdíje. Àmọ́ ọkàn mi ò tíì balẹ̀, torí òjò tún ti ṣú bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò sì tíì dí kànga yẹn pa.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé iṣẹ́ tí a pín fọ́mọ ló ń pinnu ohun tó máa mọ̀, kì í ṣe pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Níléèwé tiyín, ta ló ń pọn omi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n bí omi náà ṣe rí, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi níbí.